Pẹ̀lẹ́ Lorúkọ Rẹ̀

A ò sọ ehoro náà lórúkọ nígbà tó wọlé.
Oyèwùmí ló gbé e dé láti ọjà Ìgbọ̀nà
nínú páálí ọṣẹ,
ọ̀sẹ̀ tó fẹ́ wọkọ̀ lọ sílé-ìwé ní Ìlọrin.
Ó ní, "Màámi, ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀ di Kérésì."
Kérésì mẹ́ta ti lọ.

Ojú rẹ̀ ọ̀tún ló kọ́kọ́ funfun
bí omi orí ògì.
Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, tòsì ti bá a.
Dókítà ẹran l'Ókè-Fíà tan tọ́ọ̀ṣì sí i,
ó mirí, ó ní, "Kò sóògùn. Ṣùgbọ́n kò dùn ún."
Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ló gbà lórí "kò sóògùn".

Búsàrí alápatà, ojúlé kejì sí wa,
ní ata rodo ò mà wọ́n lọ́sẹ̀ yìí.
Mo ní abẹ́rẹ́ mi náà ò wọ́n,
kó gbé ẹnu ọ̀hún wá kí n bá a rán an.

Ìyá Mutíátù ní tiẹ̀ ní, "Màlúù tí ò nírù,
Olúwa ní í bá a léṣinṣin."
Àmín, ni mo wí.
Ṣùgbọ́n láàárọ̀ kùtù, ta ló ń ṣa yánrin
lẹ́bàá ojú irin rélùwéè,
tó ń fọ̀ ọ́, tó ń gbọn omi ara rẹ̀ nù
kí inú ẹran má baà wú?
Ọwọ́ yìí ni,
ọwọ́ tó ń rùn fún epo máṣíìnì,
òórùn tó fi mọ̀ mí.

Mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá a gbé.
Àga kì í kúrò lójú kan.
Abọ́ omi, ẹ̀bá ẹsẹ̀ máṣíìnì, ibẹ̀ náà ni.
Oníbàárà tó bá fẹsẹ̀ ti àpótí,
n óò máa wò ó ni, títí yóò fi dá a padà.
Mo tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì àlòkù láti ẹnu ọ̀nà dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì:
sìmẹ́ńtì á sọ fún un pé, o ti yà,
kápẹ́ẹ̀tì á ní, máa bọ̀.

N kì í sì í fọwọ́ kàn án lójijì.
Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ṣe é, lọ́jọ́ tí mò ń kánjú.
Ó fò sókè, ó forí gbá ẹsẹ̀ tábìlì,
àyà rẹ̀ ń lù kìkìkìkì lọ́wọ́ mi
bí máṣíìnì tí ọmọdé ń wà.
Láti ọjọ́ náà ni ohùn mi ti ń ṣáájú ọwọ́ mi:
pẹ̀lẹ́,
pẹ̀lẹ́,
títí ọ̀rọ̀ náà fi di orúkọ mọ́ ọn lára.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, làwọn àgbà wí.
Ti ẹni tèmi, etí ni.
Etí kan kọjú sí títì Àlékúwodò,
ọ̀kan kọjú sí ẹ̀yìnkùlé.
Ó mọ ìró àńkárá yàtọ̀ sí ti léèsì lábẹ́ abẹ́rẹ́.
Bí máṣíìnì bá dákẹ́ pẹ́,
á wá fimú kan ọrùn ẹsẹ̀ mi,
bí ẹni ń béèrè pé, ṣé kò sí?

Lálẹ́ àná, wọ́n mú iná lọ.
Mo dìde láti wá àbẹ́là.
Mo ti gbàgbé pé èmi gan-an, èmi alófin,
ni mo sún àpótí nírọ̀lẹ́
nígbà tí mò ń wá bọ́tìnnì kan tó já bọ́.
Orókún mi gbá a, mo ké yèè!
Ìyá Mutíátù gbọ́ lójú fèrèsé rẹ̀,
ó ní, "Pẹ̀lẹ́ o! Pẹ̀lẹ́!"
Kí n tó dáhùn,
mo gbọ́ ẹsẹ̀ kékeré lórí kápẹ́ẹ̀tì,
kò kánjú, kò táràrà,
ó ń bọ̀,
wọ́n ṣáà pè é.